Ilé Ìsáwùrù Kéré, Ọ̀nà Inú Rẹ̀ Ló Jìn

“Ilé ìsáwùrù kéré, ọ̀nà inú rẹ̀ ló jìn.” Àwa tí a dàgbà sétí omi ń pa òwe yìí bí ẹni ń mí. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá nínú yín? Èmi náà kò mọ̀ títí mo fi bímọ mẹ́ta. Ìyá ìyá mi ló sọ ọ́ fún mi, lọ́jọ́ tí mo wá bá a tẹkúntẹkún nítorí bí wọ́n ṣe pín ilẹ̀ ẹbí tí wọ́n fún mi ní igun. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí pé mo fi tèmi kún un. Bó ṣe sọ ọ́ ni màá ṣe sọ ọ́. Ibi tí kò bá dá mi lójú, màá sọ pé kò dá mi lójú.

Ìletò kan wà tó ń jẹ́ Etí-Ẹ̀gbà. Igi ẹ̀gbà ni igi tí ń dúró sínú omi iyọ̀, tí gbòǹgbò rẹ̀ ń tẹ̀ bí orúnkún àgbà. Àárín irú igi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé, ẹja sì ni oko wọn. Obìnrin kan wà níbẹ̀, Ẹ̀bùnlọ́mọ. Kì í ṣe ọmọ omi. Ará òkè ni, ilé àwọn tó ń hun ẹní ni wọ́n bí i sí. Orímisàn tó ń kó ẹja gbígbẹ lọ tà lọ́hùn-ún ló fẹ́ ẹ wálé. Ó bí ọmọbìnrin méjì fún un. Lọ́dún kẹjọ, ìgbì dojú ọkọ̀ Orímisàn dé. Ọkọ̀ padà wá sí èbúté, Orímisàn kò padà.

Ó yẹ kí n sọ òfin omi wọn, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Bí ẹ̀rùn bá dé tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ilé kọ̀ọ̀kan á gbin ọgbà ẹja. Ẹní ọparun ni wọ́n fi ń ṣe ọgbà náà. Wọ́n á rì í mọ́ òpó, wọ́n á tò ó lọ tààrà láti etí kan dé èkejì, ẹní kan sì gùn tó ibi tí àgbàlagbà na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé. Ọgbà tí kò bá pé ogún ẹní, wọn kì í kà á sí ọgbà. Opó tó bá ní ọgbà tó ń mú ẹja á máa gbé ilé ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Èyí tí kò bá ní, á padà sílé bàbá rẹ̀, àwọn ọmọ á sì dúró sọ́dọ̀ ẹbí ọkọ. Ta ló ṣe òfin yẹn? Kò dá mi lójú.

Akíntìmẹ́hìn, ẹ̀gbọ́n Orímisàn, ló pín omi lọ́dún náà. Gíga rẹ̀ kò kéré, ikùn rẹ̀ náà kò kéré. Omi gbọọrọ tí àbúrò rẹ̀ ń lò, ó kó o sápò ara rẹ̀. Ó fi ọkọ̀ gbé Ẹ̀bùnlọ́mọ dé kọ̀rọ̀ kan láàárín igi ẹ̀gbà.

“Ìyàwó, omi tìrẹ rèé.”

Ẹ̀bùnlọ́mọ fojú wọ̀n ọ́n. “Ẹ̀gbọ́n, ẹní márùn-ún ló máa là á já. Níbo ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù á dúró sí?”

“Ṣé èmi ni mo gbin igi síbẹ̀ ni? Àbí o fẹ́ kí n ti òkun sẹ́yìn díẹ̀ fún ọ?” Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kejì bú sẹ́rìn-ín. “Ọjọ́ kẹtàdínlógún sí òní ni Olórí-omi ń bọ̀ wá yẹ ọgbà wò. Bí kò bá sí ọgbà, ìyá àwọn ọmọ á lọ kí bàbá rẹ̀ lókè. A ò lé ọ o.”

“Àwọn ọmọ mi ńkọ́?”

“Ọmọ wa ni wọ́n. A ó tọ́ wọn.”

Ìyá ìyá mi ní ẹ̀rù ba obìnrin náà débi pé ó di etí ọkọ̀ mú. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, “Mo ti gba omi mi, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣé.”

Ọjọ́ mẹ́fà ló fi hun ogún ẹní. Ọparun gé e níka títí kò fi mọ ìka tó ń dun òun mọ́. Ohun kan ló wà lọ́kàn rẹ̀. Nílé bàbá rẹ̀, ẹní tó bá gùn ju yàrá lọ, wọ́n á ká a, á sì wọ abẹ́ apá. Nítorí náà ó ká ọgbà rẹ̀ bí ẹni ká ẹní. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu omi, ó ń yí i wọlé, ó fi àyè tó dọ́gba sáàárín ìyí kan àti èkejì. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ogún ẹní dúró nínú kọ̀rọ̀ tí kò gbà ju márùn-ún lọ.

Ìyá Dúróṣinmi, arúgbó tó máa ń ṣa ìsáwùrù lábẹ́ igi ẹ̀gbà, dúró, ó tẹjú mọ́ ọn.

“Ẹ̀bùnlọ́mọ, ọgbà lèyí àbí ẹní?”

“Ọgbà ni, Ìyá.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ béèrè ẹni tó máa sùn lórí ẹ̀ ni.”

Ṣùgbọ́n ọgbà kò mú ẹja. Ẹ̀bùnlọ́mọ dúró nínú omi, omi mù ún dé àyà, ó ń ṣọ́ wọn. Ẹpìyà á wọlé, á máa fẹ̀gbẹ́ nu ẹní lọ títí dé àárín. Bó bá débẹ̀, á rí i pé ibẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà ṣe fẹ̀. Á yí padà, á jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, bí àlejò tí wọn kò fún lómi mu. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń ṣe. Ọjọ́ méje ló kù.

Ó gòkè, ó jókòó lórí gbòǹgbò. Ìyá Dúróṣinmi gbé abọ́ ìsáwùrù bíbọ̀ ka iwájú rẹ̀, àwọn roboto tí òkun máa ń gbé wá. Ó fún un ní ẹ̀gún ọsàn.

“Jẹun. Ebi kì í jẹ́ kéèyàn ronú, ẹ̀rù nìkan ni ebi máa ń jẹ́ kó rò.”

Ẹ̀bùnlọ́mọ ki ẹ̀gún bọ̀ ọ́, ó fà á, ẹran já sínú. Ó mú òmíràn, ó já.

“Ará òkè!” ni arúgbó pariwo. “Ta ní ń fà á tààrà? Yí i! Bó ṣe yí wọlé ni kó o yí i jáde.”

Ó yí i. Ẹran náà ń jáde, ó ń jáde, títí ó fi gùn ju ìkarahun tó ti jáde lọ. Ẹ̀bùnlọ́mọ wo ẹran, ó wo ìkarahun.

“Ìyá, níbo ni gbogbo èyí wà tẹ́lẹ̀?”

“Inú ilé ẹ̀ ni. Ìwọ rò pé ó yá a ni?”

Kò jẹun mọ́. Ó mú ìkarahun òfìfo kan, ó ń ha orí rẹ̀ mọ́ òkúta títí ọ̀nà inú rẹ̀ fi hàn síta. Ó kọ́kọ́ rò pé ẹní òun ló tún ń wò. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni tó ń hun ẹní kì í fi ojú lásán gba ìwọ̀n. Ó já ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, ó fi wọn fífẹ̀ ọ̀nà náà lẹ́bàá àárín, ó ṣẹ́ ẹ níbẹ̀. Ó gbé e sí ìyí tó tẹ̀ lé e. Ó gba ẹyọ méjì irú rẹ̀. Ìyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn gba mẹ́rin. Ẹní rẹ̀ ń lọ ní ọ̀kan, ọ̀kan, ọ̀kan. Ìsáwùrù ń lọ ní ọ̀kan, méjì, mẹ́rin. Ó ha èyí tí kò ju èékánná ọmọdé lọ, bákan náà ni. Ó ha èyí tó tó ìkúùkù, bákan náà ni.

Èmi náà ti wọ̀n ọ́n wò, kí n má parọ́. Òmíràn kò pé ìlọ́po méjì géérégé. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí èyí tí ìyí òde rẹ̀ kò fẹ̀ ju ti inú lọ.

“Ìyá, kí ló dé tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀?”

“Ara ẹ̀ ń tóbi ni. Kì í wó yàrá tó gbé ní kékeré. Ẹnu ọ̀nà nìkan ló máa ń mọ sí i, kí ó lè gba bó ṣe sanra tó.”

Ẹ̀bùnlọ́mọ dìde. Ó gé ọ̀pá mẹ́ta. Èkejì jẹ́ ìdajì àkọ́kọ́, ẹ̀kẹta jẹ́ ìdajì èkejì. Ó wọ inú omi, ó sì fa gbogbo ogún ẹní tu. Arúgbó kígbe pé orí rẹ̀ ti dàrú, Ẹ̀bùnlọ́mọ ń bá iṣẹ́ lọ. Ọ̀pá gígùn ló fi wọn àyè ìyí òde, ìdajì ló fi wọn èyí tó tẹ̀ lé e, èyí tó kúrú jù ló fi wọn ti inú. Ìyí mẹ́ta péré. Ní àárín gbùngbùn, ó fi àyè kékeré kan sílẹ̀ tí ẹja á kó sí. Akíntìmẹ́hìn ń wa ọkọ̀ kọjá lọ́jọ́ kan, ó ní, “Ìyàwó, ẹní lo ṣì ń ká?”

“Mo ń tún un ká ni, Ẹ̀gbọ́n.”

Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, nígbà tí omi fà dé itan, Olórí-omi dé ní òwúrọ̀. Ìlú tẹ̀ lé e. Akíntìmẹ́hìn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Bàbá. Ọgbà kọ́ nìyí. Tààrà ni ọgbà ń lọ.”

Olórí-omi ní, “Ogún ẹní ni òfin wí. N kò gbọ́ tààrà nínú ẹ̀. Ìwọ lo ń ṣiyèméjì, wọlé lọ kà á.”

Akíntìmẹ́hìn wọlé. Ó ń fi ọwọ́ kan ẹní kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á sókè: ẹyọ kan, ẹyọ méjì. Wọ́n rí orí rẹ̀ tó yí ìyí kan. Nígbà tó ka mẹ́rìnlá, ó ti ń fẹ̀gbẹ́ rìn. Ní méjìdínlógún, ẹní ń dún páápáá lára ikùn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ tó wá láti àárín ti yàtọ̀.

“Ogún!”

“Ó pé,” ni Olórí-omi wí. “Ẹja ńkọ́?”

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ta yàà.

“Akíntìmẹ́hìn, mo ní ẹja ńkọ́?”

“Bàbá, wọ́n ń gbá mi lẹ́sẹ̀! Ọ̀bọ̀kún ni, wọ́n pọ̀! Bàbá, mi ò ríbi yí o!”

Ìyá Dúróṣinmi ju agbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, ó sì pa òwe náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé: “Ilé ìsáwùrù kéré, ọ̀nà inú rẹ̀ ló jìn! Akíntìmẹ́hìn, má fà á tààrà o, yí i!” Ẹ̀rín sọ. Wọ́n ní ọkọ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé.

Ẹ̀bùnlọ́mọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ rẹ̀ dì í láṣọ mú lọ́tùn-ún lósì, ó ń wo ẹnu Olórí-omi.

“Ọgbà tó mú odindi géńdé,” ni Olórí-omi wí, “ẹja wo ló fẹ́ bọ́ níbẹ̀? Ẹ̀bùnlọ́mọ, ilé ọkọ rẹ ni wàá máa gbé. Ìwọ àtàwọn ọmọ rẹ.”

Ìgbà náà ló tó mí. Ó wọ inú omi lọ bá ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ó ní, “Ẹ fẹ̀yìn rìn, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ máa fọwọ́ kan ẹní, á mú yín jáde.” Ẹja tó kọ́kọ́ mú lọ́jọ́ náà, òun ló fún. Akíntìmẹ́hìn fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Ibi tí òwe náà ti wá nìyẹn, bí mo ṣe gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá fún ènìyàn ní ìpín tí kò tó nǹkan, tó sì fẹ́ sọ ìrètí nù, àwọn àgbà á sọ fún un pé ilé ìsáwùrù kéré, ọ̀nà inú rẹ̀ ló jìn: kó má wo bó ṣe há, kó wo bó ṣe lè yí i. Wọ́n tún máa ń fi kìlọ̀ fún ẹni tó bá ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹlòmíràn nítorí ibi tó ń gbé tàbí ohun tó ní, pé kó ṣọ́ra, kó má lọ wọ ibi tí kò ti ní ríbi yí. Ní tèmi, nígbà tí ìyá ìyá mi sọ̀rọ̀ tán, mo nu ojú mi, mo sì padà sórí igun ilẹ̀ mi. Mo ṣì wà níbẹ̀.