Láníhun àti Kọ́ọ̀sì Igi

Ọmọ àgbẹ̀ ni Láníhun, iṣẹ́ lọ́yà ló sì wọ yunifásítì láti kọ́. Kó tó ka ojú ìwé kan ṣoṣo nínú òfin ni ìyá rẹ̀ ti ń pè é ní Lọ́yà mi. Bàbá rẹ̀ ní tirẹ̀ ti kìlọ̀ fún ẹni tí wọ́n jọ ń du ààlà oko pé kó rọra máa fọ́nnu, ọmọ ń bọ̀.

Ohun kan ló wà níwájú rẹ̀. Ní yunifásítì náà, ẹni tó ń kọ́ òfin gbọ́dọ̀ yege nínú kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì kan lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, wọn á gbé e kúrò lẹ́ka òfin lọ sí ẹ̀ka tí àyè bá wà. Wọn kì í gba ẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní kí kálukú mú ọ̀kan nínú mẹ́ta: ìmọ̀ ìràwọ̀, tí ìṣirò kún inú rẹ̀; ìmọ̀ ara èèyàn, tí ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀; àti ìmọ̀ igi. Láníhun kò tilẹ̀ jókòó rò ó, igi ló mú.

Mọ́rádéyọ̀ tí wọ́n jọ ń kọ́ òfin náà mú igi, nítorí pé ẹ̀rù ìṣirò ń bà á. Ọmọ ìgboro ni. Ó ti dàgbà kó tó mọ̀ pé abẹ́ ilẹ̀ ni iṣu ti ń ta.

"Láníhun, wọ́n ní ọkùnrin tó ń kọ́ni ní kọ́ọ̀sì yìí le o."

"Ó le fún ẹ̀yin ọmọ orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Abẹ́ igi ni wọ́n bí mi sí. Kí ni igi fẹ́ sọ tí n kò tíì gbọ́?"

"Ó dáa o, bàbá onígi. Mo ti dákẹ́."

Ní gbogbo àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Dókítà Fáṣeun, olùkọ́ wọn, máa ń kó wọn wọ igbó ẹ̀yìn ilé ìkàwé. Wọn á fọwọ́ kan èèpo igi, wọn á fọ́ ewé, wọn á gbóòórùn rẹ̀. Láníhun bá wọn lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìdí ọ̀pẹ ni wọ́n dúró sí lọ́jọ́ náà.

"Ọ̀pẹ!" ló wí. "Ṣé èyí náà ni wọ́n fi ń jẹ́ dókítà?"

Ó padà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì lọ sùn. Láti ìgbà náà, kò tún jẹ́ kí nǹkan kan dí oorun Ọjọ́bọ̀ lọ́wọ́.

Òótọ́ ni pé Láníhun mọ igi, ṣùgbọ́n bí àlejò ṣe ń mọ ìyàwó ilé ló ṣe mọ̀ ọ́n: ọbẹ̀ ló fi ń dá a mọ̀. Tí máńgòrò bá pọ́n, tí àgbálùmọ̀ bá já sílẹ̀, kò sí ẹni tó mọ̀ wọ́n tó o. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìdánwò bọ́ sí àsìkò tí igi kankan kò so.

Lọ́jọ́ ìdánwò, olùkọ́ so aṣọ pupa mọ́ àwọn igi kan nínú igbó náà. Ó ní kí kálukú kọ orúkọ igi àti ohun tó fi dá a mọ̀. Láníhun wo ọ̀tún, ó wo òsì. Gbogbo igi dúdú minimini, gbogbo wọn dákẹ́. Ó kọ máńgòrò sí àkọ́kọ́, ó kọ máńgòrò sí èkejì. Nígbà tó dé ẹ̀kẹta, ojú tì í, ó kọ ẹ̀yà máńgòrò.

Ó wá dé ìdí igi kékeré kan tí kò ga jù ú lọ.

"Mọ́rádéyọ̀," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́, "ṣé igi ni eléyìí náà?"

"Ìdánwò là ń ṣe, Lọ́yà. Wò ó dáadáa."

"Kí ni n ó wò lára rẹ̀? Nílé wa, àdá la fi ń kí irú eléyìí."

Kò yẹ ẹ̀ka rẹ̀ wò, kò kíyè sí ara rẹ̀. Ó kàn ki orí bọ inú ewé, bóyá á rí èso kan ṣoṣo tó lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀ka kan kọ́ ẹ̀wù rẹ̀. Ó fà á tagbáratagbára, ẹ̀ka náà já ara rẹ̀ gbà, ó sì padà wá bá a lójú.

"Yéè! Ojú mi o!"

Dókítà Fáṣeun sáré dé. Ó wo ojú, ó wo igi.

"Ọsàn wẹ́wẹ́ ni," ló wí jẹ́jẹ́. "Tí kò bá so, ẹ̀gún rẹ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí mo kọ́ yín, níbo lo wà?"

"Mo sùn, sà."

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ìwé ìdánwò rẹ̀ kù sí ìdí igi, máńgòrò nìkan ló wà nínú rẹ̀.

Ojú sàn kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ẹ̀kọ́ òfin ni kò sàn. Nígbà tí èsì jáde, wọ́n gbé Láníhun lọ sí ẹ̀ka kan tí àga ti ṣófo. Ọjọ́ náà gan-an ni bàbá rẹ̀ pè é.

"Ṣé ojú ti fúyẹ́?"

"Ó ti fúyẹ́, Bàámi."

"A dúpẹ́. Ìwé òfin yẹn ńkọ́, ṣé ò ń kà á?"

Láníhun ní òun kò gbọ́ wọn dáadáa, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Bàbá rẹ̀ gbóhùn sókè, ó tún béèrè. Láníhun di fóònù náà mú títí owó inú fóònù bàbá rẹ̀ fi tán.

Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ọgbà yunifásítì yẹn ti máa ń pe àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé jókòó, tí wọ́n á sì rán wọn létí pé igi tí a bá fojú rénà ni í gún ni lójú.