Sípíríǹgì Tí Ìjàpá Yàn

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti ara yín lẹ́yìn yẹn, ó tó. Ta ní ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó gbé ẹyin lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ kò gbé nǹkan kan?

Ìjàpá ni!

Ẹ gbà á, ṣùgbọ́n ẹ kò mọ ìdí rẹ̀. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lé ẹlòmíràn bí kò ṣe Ìjàpá, ọkọ Yánníbo.

Láyé àtijọ́, ẹsẹ̀ Ìjàpá gùn gbọọrọ, Ìjàpá sì ní mọ́tò. Ọkọ̀ pupa kékeré ni, ìjókòó méjì péré, òrùlé rẹ̀ ń ká sẹ́yìn bí ẹní. Bó bá ti ká a tán, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí i lórí, kò tún mọ ẹni tó ju òun lọ mọ́.

Lọ́dún náà, Yánníbo yé ẹyin mẹ́ta, àkọ́yé rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí wọn. Ìyá rẹ̀ tó wà ní Òkè-Àpáta ti darúgbó, kò ríran mọ́. Ó ránṣẹ́ pé, "Ẹ gbé wọn wá kí n fọwọ́ kàn wọ́n kí n tó sùn."

Yánníbo bẹ ọkọ rẹ̀. "Ọkọ mi, kòtò ló kún ọ̀nà yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sípíríǹgì tó rọ̀ sí mọ́tò yìí, kí àwọn ọmọ wa má fọ́."

Ṣé ẹ mọ sípíríǹgì? Irin tí wọ́n ká lọ́lọ́ọ́lọ́ sókè táyà ni. Òun ni kì í jẹ́ kí kòtò gbá wa nídìí.

Àkèré ló ń tà á. Ta ló tún mọ fífò jù ú lọ? Oríṣi méjì ló kù nílẹ̀. Ọ̀kan ga, ó rọ̀. Èkejì kúrú, ó le, ó ń dán. Mọ́tò tí wọ́n bá fi í sí á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fàyà wọ́lẹ̀, á sì máa sáré bí ìjì. Ojú Ìjàpá kò kúrò lára èyí tó kúrú.

"Ta lo fẹ́ máa gbé?" ni Àkèré bi í. "Ẹrù la fi ń yan sípíríǹgì, a kì í fi ojú yàn án."

"Èmi nìkan ni."

Yánníbo tó jókòó sínú mọ́tò níta gbọ́ ọ. Kò fẹ́ fi ìjà pẹ́, torí ìyá rẹ̀ ń retí wọn. Ó kàn fa aṣọ bo àwọn ẹyin rẹ̀.

"Ó ṣe o," ni Àkèré wí, "Ehoro ló ni èyí tó kúrú. Ó fẹ́ fi díje."

"Háà! O ò tíì gbọ́? Ehoro ti gbéyàwó! Ìyàwó ti lóyún. Òun ló ní kí n sọ fún ọ pé èyí tó rọ̀ ni kí o fi sí tòun."

"Ehoro tí kì í jókòó síbì kan?"

"Ìfẹ́ ni, ọ̀rẹ́ mi."

Inú Àkèré dùn. Ó fi èyí tó kúrú sí mọ́tò Ìjàpá, ó fi èyí tó rọ̀ sí ti Ehoro, ó sì ránṣẹ́ kú oríire sí Ehoro.

Nígbà tí wọ́n gbéra lọ́jọ́ kejì, Ìjàpá tẹná mọ́tò, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Mọ́tò mi ń fàyà wọ́lẹ̀,
Fììn-ín fìn-ìn!
Ẹ wá wo ọkọ Yánníbo,
Fììn-ín fìn-ìn!
Ta ló tún dà bí èmi?
Fììn-ín fìn-ìn!

Gbá! Kòtò. Àwọn ẹyin fò sókè, Yánníbo hán wọn. "Ẹ rọra o!"

"Ó kù díẹ̀ ká dé."

Gbá! Ẹyin kan là tín-ín-rín bí irun. Kí Yánníbo tó pariwo, mọ́tò ti fi ikùn gun orí òkúta, gbàràgàdà! Ọ́ìlì dà sílẹ̀, ó tán.

Ta ló ń bọ̀ lẹ́yìn? Ehoro ni. Mọ́tò rẹ̀ ń gba orí kòtò kọjá bí ẹni ń jó.

"Ìjàpá, o kú iṣẹ́ o! Gbogbo ìlú ló ń kí mi kú ìyàwó tí n kò rí."

"Ehoro, dákun, má wo tèmi. Bá mi gbé Yánníbo."

"Ǹ bá gbé e. Ṣùgbọ́n wo ìjókòó kejì. Ìyá mi ni. Ó gbọ́ pé mo gbéyàwó, ó sáré wá wò ó. Mo ń dá a padà sílé."

Ìyá Ehoro ti sùn lọ fọnfọn. Ehoro rọra wakọ̀ lọ kó má jí i.

Yánníbo bú sẹ́kún. "Ẹ ti kúkú sọ fún Àkèré. Ẹ ní ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ gbé."

Ọ̀rọ̀ náà gún Ìjàpá lọ́kàn. Ojú tì í, àánú ìyàwó rẹ̀ sì ṣe é. Ó kúnlẹ̀ sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Gbé wọn lé mi lẹ́yìn."

"Ẹ̀yìn yín le bí òkúta."

"Ẹ̀yìn mi le, ṣùgbọ́n màá mú kí ẹsẹ̀ mi rọ̀."

Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru ẹrù rẹ̀ délé. Ìjàpá tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ń rọra gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Yánníbo ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ kan di ẹyin mú, ó ń fi ìkejì nu òógùn ojú ọkọ rẹ̀. Ilẹ̀ ń ṣú bọ̀ nígbà tí wọ́n dé Òkè-Àpáta.

Ìyá arúgbó fọwọ́ pa àkọ́kọ́ àti èkejì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ibi tí ẹ̀kẹta ti là. Ó gbé e sétí. Nǹkan ń kanlẹ̀kùn nínú rẹ̀, kọ́, kọ́. Ó rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n mà pé o! Mọ́tò wo ló gbé wọn jẹ́jẹ́ báyìí?"

"Ọkọ mi ni, ìyá mi," ni Yánníbo wí. "Ẹ̀yìn rẹ̀ ni."

Ìjàpá fẹ́ nàró, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, ó ti tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ Ìjàpá fi tẹ̀ títí dòní, tó sì ń rìn jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá bá a lọ́nà, ẹ má ta á nípàá. Ó rò pé àwọn ẹyin náà ṣì wà lẹ́yìn òun.

Ibi tí mo gbé àlọ́ mi dúró sí rèé. Bí mo bá purọ́, kí fèrè mọ́tò ẹnu mi má dún. Bí n kò bá purọ́, kó dún lẹ́ẹ̀mẹta: píìn! píìn! píìn!