Òkú Rédíò Orí Ààtàn

Lọ́jọ́ ìmọ́tótó, Ọlátẹ́jú kó gbogbo òkú rédíò ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dà sórí ààtàn. Làmídì, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ṣà wọ́n lọ sílé láìwẹ̀yìn. Ẹ̀rín pa Ọlátẹ́jú.

Kò pẹ́, ìyá Ọlátẹ́jú ní kó bá òun tún tẹlifíṣàn ayé àtijọ́ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ṣe. Àwòrán yọ, ohùn kọ̀. Gílóòbù kékeré kan tó ń gbé ohùn jáde ló kú nínú rẹ̀, kò sì sí irú rẹ̀ lọ́jà mọ́. Ló bá gbé e tọ ọ̀gá lọ.

Làmídì ò mikàn. Ó tú ògbólógbòó rédíò kan, ó yọ gílóòbù rẹ̀, ó fi sínú tẹlifíṣàn. Nígbà tó gbóná, ohùn bú jáde.

"Ọ̀gá, rédíò yìí mà jọ tèmi!"

"Tìẹ ni. Bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ìwọ sì tún lọ da ìwọ̀nba tó o ní sórí ààtàn!"