Irùngbọ̀n Bàbá Hésékíà àti Ẹja Ọdún

Bí àlejò bá dé Ìdí-Ọ̀sà, tó gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé "Irùngbọ̀n kì í ṣe ìpẹ́," á wò wọ́n títí. Ta ló pe irùngbọ̀n ní ìpẹ́ rí? Ọkùnrin wo ni ìpẹ́ ẹja hù sí lágbọ̀n? Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹnì kan ló fà á, oúnjẹ ọdún ló sì bá a wá.

Ìdílé kan wà létí ọ̀sà náà tó ń ṣe ẹ̀sìn àwọn Júù. Wọn kì í dáná lọ́jọ́ Ìsinmi, wọn kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹja tí kò bá sì ní lẹbẹ àti ìpẹ́, èèwọ̀ ni lẹ́nu wọn. Bàbá Hésékíà ni àgbà ilé. Irùngbọ̀n rẹ̀ gùn dé àyà, ó sì máa ń fọwọ́ pa á bó bá ń bá èèyàn wí. Kò sí òfin tí kò mọ̀ lórí, ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀nà ilé ìdáná. Inú àwo ló ti máa ń pàdé ẹja.

Náhúmù, ọmọ àbúrò rẹ̀, lọ fẹ́ Mórádéyọ̀, ọmọ apẹja. Ọmọbìnrin náà kọ́ àdúrà, ó kọ́ èèwọ̀, ó ri ara rẹ̀ bọ omi bí òfin ṣe wí, àwọn àgbà sì gbà pé ó ti di ọmọ Júù. Bàbá Hésékíà nìkan ló yarí.

"Omi wo ló ní òun rì sí? Ṣé kì í ṣe èyí tó ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀ láti kékeré náà ni? Tó bá jẹ́ omi ní í sọni di Júù, gbogbo ọ̀nì inú ọ̀sà yìí ti di Júù!"

Ọdún Tuntun wọn wá kù sí dẹ̀dẹ̀. Lọ́jọ́ náà, wọn a gbé oyin sórí tábìlì kí ọdún lè dùn, wọn a sì gbé orí ẹja síbẹ̀, kí wọ́n lè jẹ́ orí, kí wọ́n má jẹ́ ìrù. Ìyàwó tuntun ló máa ń se ẹja náà. Bí ilé bá ti jẹ ẹ́, ó di ara wọn nìyẹn. Mórádéyọ̀ ti ń retí ọjọ́ yìí, àfi bí Bàbá Hésékíà ṣe ní kò ní ṣẹlẹ̀.

"Ọwọ́ àlejò kò ní kan ẹja ọdún wa," ló wí. "Èmi fúnra mi ni n ó lọ rà á."

Ó dun Mórádéyọ̀ wọra. Ìdí ààrò ló ti sunkún, Ìyá Náhúmù, ìyá ọkọ rẹ̀, ló rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí ọdún máa wọlé, Bàbá gba etí omi lọ. Lójú tirẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé orí ni ọdún ń bèèrè, ẹni tí orí ẹja rẹ̀ bá tóbi jù ni ọdún rẹ̀ máa sàn jù. Ó ní kí ẹlẹ́ja fún òun ní èyí tó lórí jù lọ. Ẹlẹ́ja gbé àrọ̀ ràgàjì kan fún un, ààyè, tòun ti irun gígùn lẹ́nu. Bàbá wo irun ẹja, ó fọwọ́ pa tirẹ̀.

"Àgbà ẹja rèé," ló wí.

Ó gbé e wọ àgbàlá níṣojú gbogbo ilé. Mórádéyọ̀ rí i, ẹnu yà á. Ọmọ apẹja kì í ṣi àrọ̀ mọ̀. Ó fẹ́ pariwo, àmọ́ ó rántí ọ̀rọ̀ ọ̀nì, ó bá gbé ẹ̀rín mì. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọ̀bẹ lé Bàbá lọ́wọ́.

"Ẹ kú ìnáwó o, Bàbá wa. Ẹ ní ọwọ́ mi ò gbọdọ̀ kan ẹja ọdún. Ẹ dákun, ẹ bá wa ha ìpẹ́ ẹ̀."

Bàbá jókòó lórí àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha. Ọ̀bẹ ń yọ̀. Ó ha ẹ̀yìn, ó ha ikùn. Ẹja fi ìrù gbá a létí, ó já bọ́, Bàbá sì ń lé e kiri àgbàlá títí agbádá rẹ̀ fi di ẹrẹ̀. Nígbà tó mú un, ìpẹ́ ẹyọ kan kò sí lójú ọ̀bẹ.

"Ìpẹ́ ẹ̀ dà, Bàbá?"

"Ọmọdé ẹja ni," Bàbá wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Kò tíì hù ú ni."

"Háà! Ó ti hu irùngbọ̀n, kò tíì hu ìpẹ́?"

Àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Náhúmù rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. Bàbá wo ẹja, ẹja wo Bàbá. Ìgbà yìí ni òfin tó ti ń kà fáyé gbọ́ látọjọ́ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí i lọ́kàn. Ojú tì í gan-an.

Oòrùn sì ti ń wọ̀, àwọn ẹlẹ́ja ti lọ. Ọdún fẹ́ bá ilé láìlẹ́ja.

"Bàbá mi fi èpìyà kan ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀," Mórádéyọ̀ wí. "Orí ẹ̀ kéré, àmọ́ ìpẹ́ ẹ̀ pé. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àlejò ni mí."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Bàbá. Ó dá ọ̀bẹ padà fún Mórádéyọ̀.

"Ìyàwó wa," ló wí, kò sì pè é bẹ́ẹ̀ rí, "lọ se ẹja ọdún wa. Ẹ̀yin náà ti rí i pé èmi ò mọ̀ ọ́n."

Wọ́n jẹ ẹja náà tán pátá, Mórádéyọ̀ sì tún sunkún, àmọ́ ti ayọ̀ ni.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àlejò kan wá bá wọn ṣọdún láti ìlú ńlá, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn ju ti Bàbá lọ. Kò tíì jókòó tó fi ń bèèrè pé irú Júù wo ni ọmọ apẹja. Bàbá Hésékíà wo àgbọ̀n ọkùnrin náà títí.

"Irùngbọ̀n kì í ṣe ìpẹ́, ọ̀gbẹ́ni," ló wí. "Jókòó, kí o jẹ ẹja ìyàwó wa."