Ìbéèrè Tí Fébè Bi Wòlíì

Àwọn àgbà ìlú Ìpèsán máa ń wí pé, "Ẹni tí Ọlọ́run rán kì í sá fún ìbéèrè." Ẹ lè ti gbọ́ ọ rí. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tó ti wá? Ìbẹ̀rù ló bí i, ìbẹ̀rù ìyá kan tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ fún odidi ọjọ́ mẹ́ta.

Fébè ni orúkọ ìyá náà. Opó ni, gàrí ló ń yan tà, Ìbídùnní sì ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ọdún mẹ́fà ni Ìbídùnní lò nílé ọkọ láìlóyún. Ìgbà náà ni Wòlíì Táyéṣe dé sí ìjọ wọn. Ó na ìka sí Ìbídùnní láàárín èrò, ó ní kí ọdún náà tó parí yóò lóyún. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tí Wòlíì bá sọ, àṣẹ ni lójú Fébè.

Nígbà tí oyún náà pé oṣù mẹ́jọ, ẹsẹ̀ Ìbídùnní wú, ojú rẹ̀ wú, orí sì ń fọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ awakọ̀, ti lọ sí Òkè Ọya. Wòlíì ní ogun àwọn ọ̀tá ni. Ó ní kí wọ́n gbé e wá sínú yàrá àdúrà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì fún ọjọ́ méje, kó máa mu omi àdúrà. Wọn kò gbọdọ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, wọn kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ náà lọ ẹnikẹ́ni. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n bá bi ẹlòmíràn léèrè ni ọmọ inú rẹ̀ yóò kú.

Wọ́n gbé e lọ síbẹ̀. Fébè gbà lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kọ̀. Bó bá délé, ó gbálẹ̀ tán, ó tún un gbá. Ó da gàrí sínú agbada, ó jẹ́ kó jó. Ó da òmíràn sí i, ìyẹn náà jó. Bó bá padà lọ jókòó ti ọmọ rẹ̀ díẹ̀, á dìde, á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wo títì bí ẹni tó ń retí àlejò, á sì tún wọlé. Bó bá ń gbàdúrà, á gbàgbé ohun tó ń tọrọ lágbede méjì. Ó ń bi ara rẹ̀ bóyá àìnígbàgbọ́ ló ń da òun láàmú. Síbẹ̀, bó bá fi ìka tẹ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ojú ibẹ̀ á jìn wọnú, kò sì ní tètè kún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, Màmá Lóìsì, ìyá àgbà tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ aládùúrà obìnrin, pàdé rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Fébè kò sọ nǹkan kan fún un. Màmá Lóìsì ló ní bí òun ṣe ń gbàdúrà lánàá, òun rí Ìbídùnní nínú ọkọ̀ ojú omi tí omi ń ya wọ̀. Fébè bi í pé kí ni Ọlọ́run wí.

"N kò sọ pé Ọlọ́run wí o," ni Màmá Lóìsì dáhùn. "Ohun tí mo rí ni mo sọ, mo sì lè ṣì í rí. Fi Bíbélì yẹ̀ ẹ́ wò, bi pásítọ̀, bi nọ́ọ̀sì. Bí kò bá bá òtítọ́ mu, jù ú nù."

Èyí tún wá da ọkàn Fébè rú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà níwájú rẹ̀ báyìí: ọ̀kan ní kó má ṣe bèèrè, èkejì ní kó bèèrè, kó sì yẹ ọ̀rọ̀ náà pàápàá wò. Ó rìn yí ṣọ́ọ̀ṣì ká, ó tún yí i ká. Nígbà tó wọlé, Ìbídùnní ń sọ pé òun kò rí ojú àwọn ènìyàn dáadáa mọ́.

Fébè lọ kúnlẹ̀ níwájú Wòlíì. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wá wo ọmọ náà níbi tó wà, kí àdúrà sì máa lọ. Ojú Wòlíì yí padà.

"Ṣé èmi lẹ ń bi ní ìbéèrè yìí, Ìyá, àbí Ọlọ́run?"

"Ọlọ́run ni, Wòlíì," ni Fébè wí. "Gídíónì náà bi í, ó tún bi í, Ọlọ́run kò sì bínú sí i."

Wòlíì dìde. Ó mú Bíbélì rẹ̀, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde. Fébè wo ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó lọ bá ọmọ rẹ̀ nínú yàrá àdúrà, ó dì í lọ́wọ́ mú.

"Dìde, Ìbídùnní. Ẹni tí Ọlọ́run rán kì í sá fún ìbéèrè."

Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ pa ọmọ. Ó ti mú ọmọ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀kadà ni wọ́n gùn dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì wo bí ẹ̀jẹ̀ Ìbídùnní ṣe ru sí, ó sì sáré pe dókítà. Ó ní gìrì lè mú un nígbàkigbà. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ọmọbìnrin ló bí, ọmọ náà kéré gan-an, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló sì lò lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kó tó lè mu ọmú dáadáa. Ó pẹ́ kí Ìbídùnní tó ríran dáadáa. Ṣùgbọ́n ìyá yè, ọmọ yè. Wòlíì Táyéṣe kò kúrò ní ìjọ náà lójú ẹsẹ̀, àwọn kan ṣì ń tẹ̀ lé e. Fébè kò bá ẹnikẹ́ni jà. Bí wọ́n bá bi í bó ṣe mọ̀, á ní òun kò mọ̀, òun kàn bèèrè ni. Àwọn tó bú u lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dé ọjà àti oko.

Bí ẹnìkan bá wá sọ fún ọ pé Ọlọ́run ní kí o ṣe báyìí, tó sì ní o kò gbọdọ̀ wádìí, ìgbà náà ni àwọn àgbà máa ń pa òwe yìí fún ọ, kí ẹ̀rù má bàa dí ọ lẹ́nu. Wọ́n sì máa ń pa á fún ẹni tó gbé iṣẹ́ náà wá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún un ní àga. Wọ́n á ní kó jókòó, kí wọ́n bi í, nítorí pé ẹni tí Ọlọ́run rán kì í sá fún ìbéèrè.