Gòjé Bàbá Mi Lórí Àjà Ìdáná

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fi ìdí lélẹ̀ dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo mú bọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ à-dúró-gbọ́. Ọdẹ́gbàmí ni orúkọ mi. Ọdẹ́rìndé, ògbójú ọdẹ tí ń ta gòjé bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀, ni ó bí mi. Bí ó bá ń ti igbó bọ̀, orin kan ṣoṣo ni ó máa ń ta, ìyá mi Àwẹ̀ró yóò sì gbé omi kaná kí ó tó wọlé.

Bàbá mi kú. Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí a ṣe ìpà ọdẹ, ètùtù tí àwa ọdẹ fi ń yọ òkú ọdẹ nínú ẹgbẹ́ kí ó lè lọ ní àlàáfíà, mo mú gòjé rẹ̀ láti fi dárò. Háà! Ó ń han bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Bí gòjé náà bá yadi lọ́jọ́ ìpà, n kò rí ohùn sin bàbá mi nìyẹn, ìyá mi tí kò tí ì sunkún láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kú yóò sì máa gbé ẹkún kiri nínú. Ni mo bá gbé gòjé náà kọ́ èjìká, mo gbéra lọ sínú Igbó Ìkérora, láti gba tuntun lọ́wọ́ iwin tí ń jẹ́ Agbẹ́gilóhùn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rìn. Àwọn igi ibẹ̀ ń kérora, òjìji mi ń sá fún mi, ẹ̀rù sì bà mí, n kò ní purọ́. Mo bá iwin náà ní ìdí igi kan tí gòjé so rọ̀ sí bí èso. Ojú rẹ̀ mẹ́rin, etí rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò.

Mo dọ̀bálẹ̀. "Baba, gòjé mi ti kú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní òmíràn."

"Ṣé orí bíbẹ́ ni oògùn orí fífọ́, ìwọ ọmọ ènìyàn?"

"Rárá, Baba. Ṣùgbọ́n aṣọ tó bá gbó jù kì í gba abẹ́rẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín, igbó mì tìtì, ó sì já gòjé tuntun kan fún mi. Mo ta orin bàbá mi lórí rẹ̀. Ó dùn, ó dùn gan-an, ṣùgbọ́n ńṣe ló dà bí àlejò tí ń ki oríkì ilé tí kì í ṣe tirẹ̀.

Iwin náà gbé ti àtijọ́ sí imú. "Kí ló ń rùn bí ẹran ẹtu lára èyí? Ibo lo fi í sí?"

"Orí àjà ìdáná ni, Baba, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran ìgbẹ́. Kí ó má bàa bàjẹ́ ni."

"O yan gòjé! Èéfín tó ń pa ẹran mọ́ ti mú kí awọ rẹ̀ sán, irun ẹṣin ọrun rẹ̀ sì ti mu ọ̀rá. Ìwọ lo ṣe é, o wá ń pè é ní òkú."

Ojú tì mí, mo sunkún. "Bí mo bá pààrọ̀ awọ náà ńkọ́, Baba? Ibi tí àtàǹpàkò bàbá mi ti mú dán lára rẹ̀ yóò lọ."

"Yóò lọ. Ìyókù yóò dún. Mú ọ̀kan, fi ọ̀kan sílẹ̀."

Mo mú ti àtijọ́. Mo pa awọ́nríwọ́n létí odò, mo na awọ rẹ̀ bo igbá gòjé, mo wá irun ìrù ẹṣin tuntun, mo fi oje igi pa á. Lọ́jọ́ ìpà, ohùn rẹ̀ há díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ta orin náà. Ìyá mi gbé orí sókè láàárín èrò.

Ó ní, "Ó ti dé. Ẹ bá mi gbé omi kaná."

Lẹ́yìn náà ni ẹkún gbé e, a kò sì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Títí di òní, ìka mi ṣì máa ń wá ibi tó dán nì lórí awọ tuntun náà, n kì í sì í rí i. Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ẹ tó ju ogún yín nù pé kò dára mọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ibi tí ẹ gbé e kọ́.