Pósítà Tókíò ní Ìlú Oǹdó

Mosúnmọ́lá ní kí ẹ̀rọ tó ń yàwòrán ohun tí a bá sọ fún un ya ìlú Tókíò, fún pósítà àwọn tó ń ṣètò ìrìn-àjò. Àwòrán náà dára púpọ̀. Ẹ̀rọ tún kọ èdè Jàpáànù sára rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ní, "Tẹ̀ ẹ́ jáde jàre. Ta ló gbọ́ èdè Jàpáànù l'Óǹdó?"

"Abèèrè kì í ṣìnà," ni Mosúnmọ́lá fi dáhùn. Ó tẹ ẹ̀dà kan ṣoṣo jáde, ó gbé e tọ Bàbá Akíngbadé lọ, tó ti bá ọkọ̀ ojú omi dé Jàpáànù rí.

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, wọ́n kọ ọ́ síbí pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lápá òsì!"

Ló bá kọ "Ẹ káàbọ̀" fún un ní èdè náà. Bí obìnrin náà ti ń dúpẹ́, bàbá ní, "Fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀. Mo mọ ilẹ̀kùn tí màá lẹ̀ ẹ́ mọ́."